Kí Lísì Tó Parí: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Dá Sípọ́ọ̀tì Káà Yẹn Padà

“Bọ̀dá mi, ó ku oṣù mẹ́ta kí lísì mi parí. Ṣé kí n di ọkọ̀ yìí mú ni, àbí kí n gba òmíràn?”

Àbúrò ìyàwó mi ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní Alágbàká, l'Àkúrẹ́, bó ṣe ń fi aṣọ nu iná iwájú Ford Mustang rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ mú ìwé àdéhùn wá ká jọ kà á. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun fi í sí.

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Irú ọkọ̀ kan náà ni mo gbà ní lísì, Mustang 2018 onísílíńdà mẹ́rin. Mo wà á ní Àkúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta àti díẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ló sì ná mi lówó kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn, méjì ni, ó kàn dì wọ́n sínú ẹrù kan ni. Àkọ́kọ́: ṣé kí n san owó ìkẹyìn kí ọkọ̀ di tèmi? Èkejì: ṣé kí n máa wà á lọ? Èèyàn lè sanwó, kó gbàwé, kó sì ta ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè fi owó ara rẹ̀ ta iléeṣẹ́ lísì lọ́rẹ, kìkì nítorí pé bọ́m̀pù àdúgbò ń ha ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá ìwé yẹn jáde

Ní Àkúrẹ́, gbogbo ọkọ̀ tí a bá ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ la ń pè ní lísì. Nínú ìwé, oríṣi mẹ́ta ni. Lísì lásán wà: ẹ lò ó, àkókò pé, ẹ dá a padà. Lísì tó ní ẹ̀tọ́ àtirà wà: láti ọjọ́ tí ẹ ti buwọ́ lùwé ni wọ́n ti kọ iye tí ẹ ó san bí ẹ bá fẹ́ gba ọkọ̀ pátápátá nígbẹ̀yìn, òun ni mò ń pè ní owó ìkẹyìn. Háyà pọ́ṣéèsì sì wà: bí ẹ bá ti san ti oṣù tó kẹ́yìn, ọkọ̀ di tiyín.

Lábẹ́ òfin, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. 2015 ni Equipment Leasing Act, òfin lísì, jáde, ṣùgbọ́n Hire Purchase Act, òfin háyà, ti wà láti 1965. Òfin 1965 yìí ní nǹkan kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó gba ọkọ̀ ní háyà mọ̀ lórí: bí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún àpapọ̀ owó ọkọ̀, olówó kò lè dédé wá gbé e lọ́wọ́ yín láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Bí àpapọ̀ owó bá jẹ́ ₦30 mílíọ̀nù, ₦18 mílíọ̀nù ni ìlà yẹn wà. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti kó jọ lọ́rùn yín, òfin náà gba olówó láyè kó gbé ọkọ̀ lọ sí àyè tirẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Háyà ni òfin yìí ń sọ o. Ẹ má fi bá onílísì lásán jà.

Bí ẹ ti ń ka ìwé náà, ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ iye owó ìkẹyìn, kí ẹ sì wò ó bóyá náírà ni tàbí dọ́là. Ẹ wo iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú òpin àdéhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ló ní bí ẹ bá dákẹ́, a jẹ́ pé ẹ ti gbà láti dá a padà nìyẹn. Ẹ wo òté kìlómítà pẹ̀lú, ìyẹn iye kìlómítà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ wà kọjá lọ́dún. Àkúrẹ́ sí Èkó ju 300 kìlómítà lọ díẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ti rin 1,200 lóṣù, 14,400 lọ́dún, kò tíì kó ọmọ lọ sí ilé ìwé, kò tíì lọ òde Oǹdó kankan. Bí òté yín bá jẹ́ 20,000 lọ́dún, 5,600 péré ló kù.

Ibi tí wọ́n ti kọ “gbígbó tó bójú mu”, ìyẹn ìbàjẹ́ díẹ̀ tí wọn ò ní gba owó lé lórí, ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin tí iléeṣẹ́ tèmi rán wá yẹ ọkọ̀ wò tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lára rímù, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ iye rímù tuntun síwájú rẹ̀. Nítorí ìlà kan! Mo ní ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó gbà á. Ó ní kí n fi fọ́tò hàn án. Fọ́tò tí mo ní, èmi ni mo dúró níwájú ọkọ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín.

Iye tó jẹ́ lónìí

Iye tí àwọn èèyàn ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tó wù wọ́n ni. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni iye tí ẹnì kan máa kà lé yín lọ́wọ́. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n rọrùn: mo pe oníṣòwò ọkọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ní Benin, ọ̀kan ní Èkó. Mi ò bi wọ́n ní èló ni wọ́n ń tà á. Mo ní, “Bí mo bá gbé e wá ní Mọ́ńdè, èló lẹ máa san fún mi?” Ohùn wọn á yí padà lójú ẹsẹ̀, iye náà á sì já wálẹ̀. Èyí tó já wálẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín bí ti Àkúrẹ́ bá kéré jù. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, Highlander tàbí Lexus gíga ló máa rà, nítorí ìyàwó àti ọmọ, nítorí ọ̀nà oko, nítorí ìyá tí orúnkún ń dùn tí kò lè tẹ̀ ba wọ ọkọ̀. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kò pọ̀ níbí. Èkó, Àbújá àti Benin ni wọ́n wà.

Ohun tó sì jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì báyìí ni ọ̀rọ̀ náírà. Ní oṣù kẹfà 2023, CBN jọ̀wọ́ dọ́là fún ọjà, kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀. Iye dọ́là kan ní báǹkì tó wà ní bíi ₦460 lọ sókè, nígbà tó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ọkọ̀ tókunbọ̀ bá dọ́là gòkè. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí wọ́n fi náírà kọ ṣáájú ìgbà yẹn kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Owó ìkẹyìn tí wọ́n kọ sí i ní 2022 ṣì jókòó síbẹ̀, iye kan náà, bí ẹni tó sùn tí ọjà fi tú. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, tí iléeṣẹ́ sì pè yín pé kí ẹ wá “tún àdéhùn ṣe”, ẹ rọra. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe ránṣẹ́ ní kíkọ, kí ẹ gbé e fún lọ́yà kà.

Ìṣirò náà

Ẹ jẹ́ ká fi owó tó rọrùn ṣe é. Ká ní owó ìkẹyìn jẹ́ ₦6 mílíọ̀nù. Oníṣòwò Benin ní òun á san ₦22 mílíọ̀nù. Àtúnṣe tó yẹ kí ẹ ṣe kó tó ṣeé tà jẹ́ ₦2.5 mílíọ̀nù. Ìwé àti pátíkúlá ₦300,000. Ẹni tó bá yín wá oníbàárà gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1.1 mílíọ̀nù nìyẹn. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú 22: ₦12.1 mílíọ̀nù ló kù. Ẹni tó bá dá irú ọkọ̀ yẹn padà, mílíọ̀nù méjìlá ó lé díẹ̀ ló gbé fún onílísì, wọ́n á tún gba owó rímù lé e.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní ìparí 2024 ni ẹ buwọ́ lù ú, nígbà tí gbogbo nǹkan ti wọ́n, tí owó ìkẹyìn sì jẹ́ ₦20 mílíọ̀nù. Oníṣòwò ní ₦19 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá yọ ti alágbàtà, ₦18.05 mílíọ̀nù ló máa wọlé. Ohun tó máa jáde ni 20, àti 2.5, àti 300,000: ₦22.8 mílíọ̀nù. Ẹ ti pàdánù ₦4.75 mílíọ̀nù. Irú èyí, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ dá a padà fún wọn, ẹ kí wọn ó dàbọ̀.

Bí ìyàtọ̀ bá kéré, bíi mílíọ̀nù kan sókè sódò, ìṣirò yìí nìkan kò lè dá a fún yín. Nígbà náà ni ìbéèrè kejì, ti wíwà á lọ, máa ń dé.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè

Kí ẹ tó gba iye àtúnṣe kankan gbọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Jáàkì kan lábẹ́ ọkọ̀ kò tó. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó mọ Ford ni kí ẹ gbé e lọ, kó má jẹ́ ẹni tó ta ọkọ̀ náà, kó má sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ rà á.

Táyà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Mo ti rí táyà tí orí rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, tí fọ́kánáísà ń yìn, tó sì ti pé ọdún mẹ́jọ. Oòrùn ti mú un gan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti inú, èyí tí ojú kì í tètè rí. Táyà sípọ́ọ̀tì káà kò sanra, kòtò kan péré lójú ọ̀nà Adó ti tó láti já okùn inú rẹ̀, ibẹ̀ á sì wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Kò sí ẹni tó lè lẹ irú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí sítíárì bá sì ń gbọ̀n láti 90 kìlómítà ní wákàtí kan lọ sókè, ó ṣeé ṣe kí rímù ti tẹ̀.

Ẹ wo abẹ́. Pákó oníke tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ṣé ó ṣì wà? Tèmi ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀. Bọ́m̀pù kan ní Ìjàpọ̀ ló gbé e lọ, okùn ni ẹnì kan fi so èyí tó kù mọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo ibi tí òróró ti ń jò, ẹ wo rọ́bà tó bo orí ọ̀pá tó ń yí táyà bóyá ó ti ya, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ó ń lagùn.

Ẹ́ńjìnnì 2.3 EcoBoost yìí, tààrà sínú sílíńdà ló ń fọ́n epo. Epo kì í fọ àwọn fáàfù ìwọlé rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, èérí dúdú a sì máa dì sí wọn lára bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ti mú ọkọ̀ gbóná sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ tan án ní tútù, láàárọ̀, kí ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń tàsé, bí ẹni tó ń húkọ́ ní ìdajì, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Gíà ọtomátíìkì rẹ̀ jẹ́ onípele mẹ́wàá láti 2018, àwọn kan nínú wọn sì máa ń já gbà bí wọ́n bá ń pààrọ̀. Ẹ wà á nínú gosílóò Ọjà Ọba fún ogún ìṣẹ́jú. Níbẹ̀ ló ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ skáánà ka kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná ẹ́ńjìnnì pamọ́ fún yín lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò. Skáánà tó dára á sọ bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí tàbí wọn ò tíì parí. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, a jẹ́ pé ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún un kà.

Ní ti epo bẹntiróòlù: ẹ́ńjìnnì yìí lè mu èyí tó wà nílé epo wa, agbára rẹ̀ ló máa dín díẹ̀, nítorí epo onípò gíga, tí kì í tètè bú gbàù nínú ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n fi wọn agbára 310 hp tó wà nínú ìwé rẹ̀. Toyota 86, sípọ́ọ̀tì káà mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀, epo onípò gíga nìkan ni ìwé rẹ̀ ní kí ẹ máa fún un. Ẹ ka ohun tó wà lára ọmọrí ibi tí ẹ ti ń da epo.

Ṣé ẹ̀yin gan-an ń wà á?

Ẹ mú ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa kọ ibi tí ẹ fi í lọ, àti ibi tí ẹ fẹ́ lọ tí ẹ fi yá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìwé tèmi kò gbè mí. Nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá, mo yá ọkọ̀ ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mẹfà: oko, òkú ní Ìgbàrà-Òkè, símẹ́ńtì, ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí àdúgbò kún fún omi. Ọlọ́pàá dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Irun funfun ti yọ ní irùngbọ̀n mi, wọ́n ṣì ní kí n ṣí fóònù mi, torí lójú tiwọn ọmọ Yahoo ni gbogbo ẹni tó bá jáde nínú ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì.

Síbẹ̀, ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí mo kọ “Ìdànrè” nìkan sí. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, ìkùukùu ṣì wà lórí àpáta, ọ̀nà ń yí sápá ọ̀tún ń yí sápá òsì, kò sí ẹnì kan níwájú mi. Bí Sátidé yín bá pọ̀ tó báyìí, ẹ kà á mọ́ èrè. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tijú láti fi owó rà.

Èyí tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọkọ̀ ògbó wé ọkọ̀ tuntun, wọn kì í fi owó wé owó. Ní oṣù kọkànlá 2024, CBN ti gbé MPR, èlé tí wọ́n fi ń yá báǹkì lówó, dé 27.5%, iléeṣẹ́ lísì á sì fi tirẹ̀ lé ohun tí báǹkì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n ní “èló lóṣù?” Ẹ bi wọ́n ní “èló ni gbogbo rẹ̀?” Ká ní wọ́n ní ₦950,000 lóṣù fún oṣù 36. Ó dà bí ohun tó ṣeé ṣe. Òun nìkan ti jẹ́ ₦34.2 mílíọ̀nù. Ẹ fi ₦8 mílíọ̀nù àsansílẹ̀ àti ₦10 mílíọ̀nù owó ìkẹyìn kún un, ó di ₦52.2 mílíọ̀nù. Iye yìí ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦6 mílíọ̀nù àti àtúnṣe ti àtijọ́.

Bí ẹ bá sì rà á pátápátá, ẹ má sáré já inṣọ́ránsì ńlá, èyí tó ń tún ọkọ̀ tiyín náà ṣe, sílẹ̀ torí pé onílísì kò sí lọ́rùn yín mọ́. Tádì páátì ti ₦15,000 tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, ọkọ̀ ẹni tí ẹ bá kọlù ló ń tún ṣe, kì í ṣe tiyín.

Fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń bi wá bóyá kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ sílé: tiyín, máìlì ni wọ́n ń kà, 10,000 sí 15,000 lọ́dún, bí ẹ bá sì kọjá rẹ̀ wọ́n lè gba 15 sí 30 sẹ́ǹtì lórí máìlì kan. Ọkọ̀ lísì kì í ṣe tiyín láti gbé kọjá òkun. Ẹ san owó ìkẹyìn, kí ìwé ọkọ̀ jáde ní orúkọ yín, kí ẹ tó bá ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀.

Ìwé, kọ́kọ́rọ́, àti tírákà

Èmi san owó ìkẹyìn. Mo ta ọkọ̀ náà fún ọkùnrin kan ní Benin, mo fi apá kan owó náà ra Corolla.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, ẹ gba lẹ́tà tó sọ pé ẹ kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan mọ́, ẹ gba ojúlówó ìwé, àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ lọ sí báǹkì yín, kí ẹ ní kí wọ́n dá owó tó ń jáde fúnra rẹ̀ lóṣooṣù dúró. Kí ẹ sì yí orúkọ padà lórí pátíkúlá kí ẹ tó gbé ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ṣe gbogbo èyí. Ọkùnrin Benin náà ka owó, ó ka kọ́kọ́rọ́, ó gbéra ní aago méjì ọ̀sán. Ó pè mí láti Ọ̀wọ̀ pé ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà, kò sì jí. Mo rò pé gíà ni. Kì í ṣe gíà. Tírákà, ẹ̀rọ tó ń tọ ipa ọkọ̀ tó sì lè pa á láti òkèèrè, tí iléeṣẹ́ lísì fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, nínú kọ̀ǹpútà wọn ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tiwọn, wọ́n rí i tó ń forí lé ìta ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì pa á láti Èkó. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi bẹ ẹni tó ń gba ìpè níbẹ̀ kó wo ìwé tó tọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ tírákà níwájú yín, kí rewáyà fi wáyà rẹ̀ hàn yín lọ́wọ́, kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.